ÀWÒRÁN GBÍGBẸ́ INÚ BÍBÉLÌ LÁRA ÒGIRI ILÉ WA: ÒRÌṢÀ NI TÀBÍ Ẹ̀KỌ́?

Ẹ̀kọ́ Bíbélì fún Ìwé Ìrántí Àjọ̀dún Ìjọ wa, Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù 20:1-6, Ẹ́kísódù 25:17-22, Númérì 21:4-9, Àwọn Onídàájọ́ 17 àti 18, 1 Àwọn Ọba 6:29-35, 2 Àwọn Ọba 18:1-6, 1 Kọ́ríńtì 8.

Kókó ẹ̀kọ́: Ọ̀bẹ kọ́ ni ó ń sọ igi di òrìṣà, orúnkún ni.

ÌBẸ̀RẸ̀

  Ó yẹ kí ẹ̀kọ́ kan wà nínú irú ìwé báyìí, kí ó má baà jẹ́ pé fọ́tò àwọn olóyè ìjọ àti orúkọ àwọn tí ó dáwó nìkan ni a ó máa wò nínú rẹ̀, tí a ó sì gbé e jù sí abẹ́ tábìlì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀kọ́ ti ọdún yìí dá lórí ohun kan tí ó wà nínú pálọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, tí a kì í sì í sábà rò ó dáadáa. Ohun náà ni pákó tàbí páànù tí wọ́n gbẹ́ ìtàn inú Bíbélì sí lára, tí a wá gbé kọ́ sára ògiri. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni ti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, níbi tí Jésù jókòó láàrin àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ méjìlá. Ẹlòmíràn ní ti Ìbí Jésù, ẹlòmíràn ní ti Dáníẹ́lì nínú ihò kìnnìún, ẹlòmíràn ní ti Ádámù àti Éfà lábẹ́ igi. Àwọn kan rà á lọ́jà, àwọn kan gbà á ní ẹ̀bùn ìgbéyàwó, àwọn kan sì bá a nínú ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀.

ÌDÍ TÍ A FI MÚ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ WÁ

Ìyá àgbà kan nínú ìjọ lọ kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ìlú tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Bí ìyá ti wọ pálọ̀, ó rí pákó Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa tí wọ́n fi igi gbẹ́, orí mẹ́tàlá yọ síta lára rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ìyá ní òun kò ní í sùn lábẹ́ òrùlé náà. Ó ní bàbá òun máa ń sọ fún àwọn bí òun ti fi ọwọ́ ara òun kó ère ilé dà sínú iná nígbà ìsọjí, àti pé òun kò ní í fi ojú ara òun rí ère nínú ilé ọmọ òun kí òun sì dákẹ́. Ọmọ ní owó gidi ni òun fi rà á, Jésù ni ó wà lára rẹ̀, kì í ṣe Èṣù. Ìyá sun ilé aládùúgbò lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì padà sí Ìmùṣin bí ilẹ̀ ti mọ́. Ó tó oṣù mélòó kan tí ìyá àti ọmọ kò fi gbúròó ara wọn bí ó ti yẹ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé etí ìjọ, ọ̀nà méjì ni ó pín wa sí. Àwọn kan ní kí a kó gbogbo irú pákó bẹ́ẹ̀ jọ, kí a fi iná sí i. Àwọn kan ní kò sí ohun tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ó ní kò sí ohun tí ó ṣe é yìí, a gbọ́ pé àwọn mìíràn ti ń tan àbẹ́là sí abẹ́ rẹ̀ lálaalẹ́, àwọn mìíràn sì ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná sí iwájú rẹ̀. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ jẹ́ kí a ṣí Ìwé wò.

KÍ NI ÀWÒRÁN GBÍGBẸ́ YÌÍ?

Ère tí ó dá dúró, tí ènìyàn lè yí po, ọ̀tọ̀ ni. Èyí tí à ń sọ kò dá dúró. Wọ́n gbẹ́ ẹ kí ojú, apá àti aṣọ yọ síta, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ pákó. Irú ọnà yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn àgbà tí ó mọ ìlù ńlá Òṣùgbó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú mọ̀ pé wọ́n máa ń gbẹ́ àwòrán sí ara igi rẹ̀ yíká. Ìlẹ̀kùn ààfin àwọn ọba Èkìtì náà lókìkí. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tí ó kú ní 1938, ni ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, tí ó fi bí ọba ṣe gba òyìnbó aláṣẹ lálejò hàn. Ní 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ibi àfihàn ńlá kan ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì padà wálé mọ́. Ó wà ní British Museum títí di òní.

Ta ni ó wá kọ́kọ́ fi ọgbọ́n àwọn agbẹ́gilére wa yìí gbẹ́ ìtàn Bíbélì? Iṣẹ́ tí ó lókìkí jù ni ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Láti 1947 títí di 1954, àwọn Fáda Ìjọ Àgùdà dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ níbẹ̀, Fáda Kevin Carroll sì ni a mọ̀ jù nínú wọn. Kò ní kí àwọn agbẹ́gilére wa máa ṣe bí òyìnbó. Ó sọ ìtàn Bíbélì fún wọn, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ bí ọwọ́ wọn ti mọ̀ ọ́n. Bándélé, ọmọ Àreògún ará Ọ̀sì, wà níbẹ̀. Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá-Ọ̀ràngún, tí ìran rẹ̀ jẹ́ agbẹ́gilére, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé níbẹ̀. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé nínú iṣẹ́ wọn, àwọn amòye tí ó wá wo Jésù ọmọ ọwọ́ dé adé ìlẹ̀kẹ̀ bí ọba Yorùbá, Màríà sì dà bí ìyá ọmọ tí a lè bá pàdé lójú ọ̀nà odò.

Ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé mùsùlùmí ni Làmídì Fákẹ́yẹ. Síbẹ̀ òun ni ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn ilé ìsìn àwọn Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1954. Ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó sì kú ní ọjọ́ Kérésìmesì 2009. Ní Òṣogbo pẹ̀lú, alágbẹ̀dẹ kan wà tí ń jẹ́ Àṣírù Ọlátúndé, tí ó kú ní 1993. Òun kò gbẹ́ igi. Òòlù ni ó fi ń lu bàbà àti páànù títí ìtàn yóò fi yọ lára rẹ̀. Ádámù àti Éfà wà nínú àwọn ohun tí ó lù bẹ́ẹ̀.

Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé ẹni tí ó gbẹ́ ẹ kò forí balẹ̀ fún un. Iṣẹ́ ni ó rí i sí. Tí agbẹ́gilére tí ó mọ gbogbo ojú igi náà kò bá bọ ọ́, kí ni àwa tí a fi owó rà á yóò máa bọ ọ́ fún?

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Ẹ má jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ dídùn bo òfin mọ́lẹ̀. Ẹ́kísódù 20, ẹsẹ 4 àti 5, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ọlọ́run kọ̀ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ yá ère, ó sì kọ̀ kí wọ́n tẹrí ba fún un tàbí kí wọ́n sìn ín. Deutarónómì 27:15 tilẹ̀ gbé ègún lé ẹni tí ó yá ère tí ó sì gbé e sí ìkọ̀kọ̀. Ìyá àgbà tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí òun dúró sí.

Bíbélì sì fún wa ní ìtàn ilé kan pàtó. Nínú ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 17, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Míkà ní òkè Éfúráímù. Ìyá rẹ̀ mú igba owó fàdákà fún alágbẹ̀dẹ, wọ́n sì fi yá ère sínú ilé Míkà. Míkà háyà ọmọ Léfì kan, ó ń san owó mẹ́wàá fún un lọ́dún, pẹ̀lú aṣọ àti oúnjẹ. Ó wá fi ọkàn balẹ̀ pé nísinsìnyí Olúwa yóò ṣe òun lóore. Nígbà tí ó di orí 18, àwọn ọmọ Dánì gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n kó ère náà lọ, wọ́n sì mú àlùfáà tẹ̀ lé e. Míkà sáré tẹ̀ lé wọn, ó ń ké pé wọ́n ti kó òrìṣà òun lọ. Ẹ wo irú òrìṣà tí olè lè gbé! Bí pákó tí ó wà nílé rẹ bá di ohun tí o lè sunkún bí ti Míkà nítorí rẹ̀, o ti di Míkà.

Wòlíì Àìsáyà tún sọ ọ́ lọ́nà tí ó dunni jọjọ. Ní orí 44, ó ní ọkùnrin kan gé igi, ó fi ìdajì dáná, ó yá iná, ó sun ẹran lórí rẹ̀, ó yó. Ìdajì yòókù ni ó wá sọ di ọlọ́run, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gba òun. Ẹni tí ó ti fi igi dáná rí mọ ohun tí wòlíì ń sọ.

OHUN TÍ ỌLỌ́RUN FÚNRA RẸ̀ PÀṢẸ

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró ní Ẹ́kísódù orí 20 kò tíì ka ìwé náà parí. Ní orí 25 ìwé kan náà, Ọlọ́run tí ó fún Mósè ní òfin yẹn pàṣẹ fún un pé kí ó fi wúrà ṣe kérúbù méjì sí orí àpótí ẹ̀rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ́ orúkọ Kérúbù àti Séráfù, ẹ rò ó wò. Ní orí 31, Ọlọ́run dárúkọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà, Besalẹ́lì, àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, Òhólíábù, ó sì sọ pé òun ti fi Ẹ̀mí òun kún Besalẹ́lì fún iṣẹ́ ọnà, títí kan igi gbígbẹ́. Àwa Aládùúrà fẹ́ràn láti sọ pé Ẹ̀mí bà lé wòlíì tàbí aríran. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé Ẹ̀mí bà lé gbẹ́nàgbẹ́nà náà.

Ẹ tún wo tẹ́ḿpìlì Sólómọ́nì ní 1 Àwọn Ọba orí 6. Ní ẹsẹ 29, gbogbo ògiri ilé náà yíká, nínú àti lóde, ni wọ́n gbẹ́ àwòrán sí: kérúbù, igi ọ̀pẹ, àti òdòdó tí ó là. Wọ́n gbẹ́ irú rẹ̀ sí ara ìlẹ̀kùn pẹ̀lú, wọ́n sì fi wúrà bò ó. Irú ohun tí à ń sọ gan-an nìyí, àwòrán tí ó yọ síta lára pákó. Ó wà nínú ilé Ọlọ́run, Ọlọ́run kò sì bínú sí i.

Ṣé Ọlọ́run sọ ọ̀rọ̀ méjì ni? Rárá o. Kò sí ẹni tí ó kúnlẹ̀ fún igi ọ̀pẹ tí ó wà lára ògiri yẹn. Kò sí ẹni tí ó tọrọ ọmọ lọ́wọ́ òdòdó. Ọ̀ṣọ́ àti ẹ̀kọ́ ni wọ́n jẹ́. Ìyàtọ̀ kò sí lára igi. Ó wà lára ẹni tí ó dúró níwájú igi.

EJÒ IDẸ

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣe iyè méjì, kí ó ka ìtàn ejò idẹ. Ní Númérì 21, ejò bu àwọn ọmọ Ísírẹ́lì jẹ ní aginjù, ọ̀pọ̀ kú. Ọlọ́run ní kí Mósè ṣe ejò kan, kí ó gbé e kọ́ sórí òpó. Ẹni tí ejò bá bù jẹ tí ó bá wò ó yóò yè. Mósè fi idẹ ṣe é, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Jésù Olúwa wa fúnra rẹ̀ lo ejò yẹn bí àpẹẹrẹ ara rẹ̀ ní Jòhánù 3:14.

Ẹ wá ṣí 2 Àwọn Ọba 18:4. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún márùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn Mósè. Hesekáyà jọba ní Jerúsálẹ́mù, ó ń fọ́ òrìṣà káàkiri, ó sì dé ọ̀dọ̀ ejò idẹ náà. Wọ́n ti ń sun tùràrí sí i. Hesekáyà kò sọ pé ohun ìrántí ni, tàbí pé Mósè ni ó ṣe é, tàbí pé Ọlọ́run ni ó pàṣẹ rẹ̀. Ó fọ́ ọ túútúú. Ó pè é ní Nehuṣtani, bí ẹni pé ó ń sọ pé idẹ lásán ni ọ́. Bíbélì sì yin ọba náà fún iṣẹ́ yìí.

Idẹ kan náà ni, ejò kan náà ni. Ní ọjọ́ tí wọ́n wò ó tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gbọ́, ohun ìyè ni. Ní ọjọ́ tí wọ́n sun tùràrí sí i, òrìṣà ni. Idẹ kò yí padà. Àwọn ènìyàn ni ó yí padà. Bí ohun tí Ọlọ́run pàṣẹ rẹ̀ bá lè bàjẹ́ báyìí, mélòómélòó ni pákó tí a rà lọ́jà!

ÀWỌN BÀBÁ WA TÍ WỌ́N DÁNÁ SUN ÈRE

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe fi àwọn àgbà rẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Nítòsí wa níhìn-ín, ní Ìjọ Ṣọ́ọ̀ṣì St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde, ni àwọn díẹ̀ ti kóra jọ fún àdúrà ní 1918, nígbà tí àrùn lùkúlùkú ń pa ènìyàn káàkiri. Joseph Shadare jẹ́ aṣáájú wọn, arábìnrin Sophia Ọdúnlámì sì ń kéde pé àdúrà àti omi òjò ni kí àwọn ènìyàn lò, kí wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n ń pe ara wọn. Lẹ́yìn náà ni 1930 dé. Ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, Josiah Òṣítẹ̀lú sì dá ìjọ sílẹ̀ ní Ògèrè Rẹ́mọ ní ọdún yẹn kan náà. Nígbà ìsọjí yẹn, àwọn ènìyàn kó ère àti oògùn jáde láti inú yàrá, wọ́n sì dáná sun ún.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n sun? Ohun tí wọ́n ti ń fi epo, ẹ̀jẹ̀ àti obì bọ ni wọ́n sun. Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n ni wọ́n sun, kí wọ́n lè fi hàn pé ẹ̀rù rẹ̀ kò bà wọ́n mọ́. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ odó inú ilé wọn, wọn kò sun odó. Nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ bu ọlá fún àwọn bàbá wa, kí ó má wo igi tí wọ́n jó nìkan, kí ó wo ìdè tí wọ́n já.

Ọ̀rọ̀ yìí sì kàn wá ju bí ó ti kan àwọn ìjọ mìíràn lọ. Ọwọ́ àwa Aládùúrà ni àbẹ́là wà, ọwọ́ wa ni omi àdúrà wà, ọwọ́ wa ni ọ̀pá àti agogo wà. Ó ti mọ́ wa lára láti fi ohun tí a lè rí gbàdúrà sí Ọlọ́run tí a kò rí. Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé ẹ̀bá odò ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bí odò ṣe ń kún. Láti orí ká fi ohun kan ṣe ìrántí dé orí ká fi í ṣe olùrànlọ́wọ́, ìṣísẹ̀ kan péré ni.

OJÚ TA NI Ó WÀ LÁRA PÁKÓ?

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa tí ó wà nílé wa, inú àwòrán kan ni wọ́n ti wò ó kọ. Ará Ítálì kan tí ń jẹ́ Leonardo da Vinci ni ó kun ún sára ògiri yàrá oúnjẹ àwọn àlùfáà ní ìlú Milan, láàrin 1495 sí 1498. Ó fi Jésù sí àárín, ó pín àwọn méjìlá ní mẹ́ta mẹ́ta, ó sì fi àpò owó sí ọwọ́ Júdásì. Láti ìgbà náà ni àwọn agbẹ́gilére àti àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń wò ó ṣe tiwọn.

Leonardo kò rí Jésù. Ó fi bí ẹgbẹ̀rún ọdún àti ààbọ̀ jìnnà sí i. Ó jókòó àwọn àpọ́sítélì sórí àga sí ìdí tábìlì gíga, bẹ́ẹ̀ sì ni àṣà àwọn Júù ìgbà náà ni kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nídìí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Jòhánù 13:23 fi sọ pé ọmọ ẹ̀yìn kan fara ti àyà Jésù. Leonardo ṣe tirẹ̀ bí ará Ítálì, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ọ̀yẹ́-Èkìtì ti ṣe tiwọn bí Yorùbá. Kò sí ẹ̀bi nínú èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kúnlẹ̀ níwájú pákó yẹn, tí ó ní ojú Jésù ni òun ń wò, kí ó mọ̀ pé ojú Jésù kọ́. Ojú ẹnìkan tí ayàwòrán rí ní ìgboro ìlú rẹ̀ ni, tàbí èyí tí ó rò lọ́kàn.

BÍ Ó ṢE YẸ KÍ A LÒ Ó

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ohun tí a rí kọ́ nìyí fún ilé wa:

1. Má ṣe tan àbẹ́là sí i, má ṣe wọ́n omi sí i, má ṣe kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, má ṣe gbé aláìsàn sí abẹ́ rẹ̀. Bí o bá fẹ́ gbàdúrà, kọ ojú sí ibòmíràn nínú ilé.

2. Dán ara rẹ wò. Ṣé o lè sọ ọ́ kalẹ̀ lónìí kí o sì fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ láìsí ìfòyà? Bí ọkàn rẹ bá ń sọ pé nǹkan yóò ṣe ilé yìí bí pákó yẹn bá kúrò, má ṣe fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ mọ́. Ṣe é bí Hesekáyà ti ṣe ejò idẹ.

3. Fi kọ́ àwọn ọmọ. Pákó tí ó wà lára ògiri fún ogún ọdún, tí ọmọ ilé kò mọ ẹni tí ó mú àpò owó lọ́wọ́, ó ti di ẹrù lásán. Ní alẹ́ Sátidé, ṣí Lúùkù 22 tàbí Jòhánù 13, kí ọmọ kan kàwé, kí èkejì máa nawọ́ sí ara pákó. Bi wọ́n léèrè: Kí ni Pétérù sọ? Ta ni ó jáde lọ nínú òkùnkùn? Bí ìwé àti pákó kò bá dọ́gba, ìwé ni kí ẹ gbàgbọ́.

4. Kà á sí iṣẹ́ ọwọ́, kí o sì bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó ṣe é. Ẹni tí ó bá ní ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ ọnà, kí ó má ṣe rò pé iṣẹ́ abọ̀rìṣà ni. Besalẹ́lì kì í ṣe abọ̀rìṣà.

ÌDÁHÙN FÚN ÌYÁ ÀTI ỌMỌ

Nísinsìnyí, kí ni a ó sọ fún ìyá àti ọmọ? Bí a bá dá ẹjọ́ náà lórí òfin, pákó ọmọ kì í ṣe òrìṣà, nítorí kò tẹrí ba fún un rí. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì ti dá irú ẹjọ́ yìí rí ní 1 Kọ́ríńtì 8. Àwọn kan ń jẹ ẹran tí wọ́n ti fi bọ òrìṣà, wọ́n ní òrìṣà kò já mọ́ nǹkan kan. Pọ́ọ̀lù gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Síbẹ̀ ó ní bí ẹran yóò bá mú arákùnrin òun kọsẹ̀, òun kò ní í jẹ ẹran mọ́ láéláé.

Ohun tí àwọn àgbà ìjọ sọ fún ọmọ náà nìyí: O ṣe rere pé o mọ̀ pé igi ni. Bí ó bá jẹ́ igi ni lóòótọ́, kí ni ó ṣòro nínú kí o sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ bá ń bọ̀? Pákó tí a kò lè sọ kalẹ̀ nítorí ìyá tí ó bí wa ti ń di òrìṣà díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe nítorí àdúrà, bí kò ṣe nítorí ìgbéraga. Wọ́n sì sọ fún ìyá pé: Ìyá wa, iná tí bàbá yín dá, iná mímọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí iná yẹn jó okùn tí ó wà láàrin ẹ̀yin àti ọmọ yín.

Ọmọ gbọ́. Ó gbé pákó náà kúrò ní pálọ̀ lọ sí yàrá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń kàwé. Ìyá gbọ́, ó lọ, ó sì sùn níbẹ̀. Kò tíì wọ yàrá yẹn, a kò sì fi dandan mú un. Ìdájọ́ ìjọ ni pé ìyá ju pákó lọ, àlàáfíà ilé sì ju kí ẹnìkan borí nínú àríyànjiyàn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ẸGBẸ́ ẸGBẸ́

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin kérúbù tí ó wà nínú tẹ́ḿpìlì àti ère tí ó wà nínú ilé Míkà?
2. Kí ni ìdí tí Hesekáyà fi fọ́ ohun tí Mósè ṣe ní àṣẹ Ọlọ́run?
3. Yàtọ̀ sí àwòrán gbígbẹ́, kí ni àwọn ohun mìíràn nínú ilé wa tàbí nínú ìjọ wa tí a lè máa gbẹ́kẹ̀ lé láìmọ̀? Ẹ dárúkọ wọn láìbẹ̀rù.
4. Bí ohun tí kò lòdì sí òfin bá ń kọ àgbà kan nínú ilé rẹ lóminú, kí ni ìwọ yóò ṣe?

ÀDÚRÀ

Kí Olúwa tí ó fi Ẹ̀mí kún Besalẹ́lì fi ọgbọ́n kún ọwọ́ àwọn ọmọ wa. Kí ó fi ìgboyà Hesekáyà sí ọkàn wa, kí a lè fọ́ ohun gbogbo tí ó bá ń gba ipò rẹ̀. Kí ó pa ilé wa mọ́ ní ìṣọ̀kan, láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà títí dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọwọ́. Àjọ̀dún ọdún tí ń bọ̀ yóò bá wa láyé, a kò ní í dín. Àmín, ní orúkọ Jésù Olúwa wa.